Ọdẹ́rìndé ní Ìlú Afọwọ́wòye

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin àlejò tí ẹ bá wa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi kò lọ sókè mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ìyàwó wa kékeré, Mọrẹ́nikẹ́, tí ó gbé oyún sínú yìí, ni ó bi mí ní ìbéèrè nígbà tí ó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ilà wà lójú yín, ṣùgbọ́n mo wo gbogbo àwọn tí ẹ bí, kò sí ilà lójú ẹyọ ẹnì kan. Kí ló dé?" Ìbéèrè náà dùn mọ́ mi, ó sì bà mí nínú jẹ́. Ibi tí mo ti ń ronú èsì ni ọ̀bẹ tí mo fi ń gbẹ́ èèkù ti yọ̀, tí ó sì gé mi ní ìka. Kò tó nǹkan. Ìyàwó wa ti fi àkísà dì í. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Èmi Ọdẹ́gbèmí tí ẹfọ̀n fi ìwo gbé sókè lẹ́ẹ̀mejì, tí mo sì sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ṣé ọ̀bẹ kékeré ni yóò wá pa mí lẹ́nu mọ́?

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, Ọdẹ́rìndé, ọmọ ìyá mi, tí ó ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, èmi kò sì fi kún un ju bí gbogbo ọdẹ ṣe ń fi kún ìtàn lọ.

Nígbà náà, kò sí ọmọ tí a bí sí ilé yìí tí a kì í kọ ilà fún. Ilà mẹ́ta-mẹ́ta ni, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ bá ti pé ọdún méje. Ohun kan sì wà tí a fi ń yangàn: tí olóòlà bá kọ ilà fún wa, ẹ̀jẹ̀ wa kì í tètè dá. Ti ọmọ ilé ẹlòmíràn á ti gbẹ kí oòrùn tó wọ̀. Tiwa á ṣàn di ọjọ́ kejì, á ṣàn di ọjọ́ kẹta, àwọn bàbá wa á sì máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ọdẹ nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná tí kò mọ ẹ̀rù. Tèmi ṣàn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wọ́n pa àkùkọ fún mi. Bàbá tó bí wa gan-an, ẹ̀gún lásán ló gún un lẹ́sẹ̀ nínú igbó, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn títí ó fi kú. A ní ọ̀tá ló fi oògùn sí ẹ̀gún náà, a yìnbọn, a sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, kò sì sí ẹni tó bèèrè ohunkóhun mọ́.

Ọdẹ́rìndé wá fẹ́ Àṣàkẹ́, ọmọ àwọn amọ̀kòkò ní Òkè-Amọ̀. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Àkọ́bí pé ọdún méje, olóòlà kọ ilà fún un, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ó ṣàn, ó ṣàn, ọmọ náà sì kú ní ọjọ́ kẹrin. Èkejì náà pé ọdún méje, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọdẹ ni mọ́. Wọ́n ní Àṣàkẹ́ ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ọdẹ́rìndé fẹ́ràn obìnrin yẹn dé góńgó, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù rẹ̀ dé ojú ọ̀nà Òkè-Amọ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn. Wọ́n gba ọmọ kẹta lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìbídùn ni orúkọ ọmọ náà, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Ìkòkò kékeré kan tí ìyá rẹ̀ mọ fún un nìkan ló mú dání.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Ìbídùn ku díẹ̀ kí ó pé ọdún méje. Lọ́jọ́ kan ìkòkò kékeré yẹn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́, àfọ́kù rẹ̀ sì gé e ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó ṣàn mọ́jú, ó ṣàn di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọdẹ́rìndé jókòó tì í, ó ń fi òwú nù ún, ó ń wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ń funfun. Níbẹ̀ ni ìbéèrè kan ti wọ ọkàn rẹ̀ tí kò jáde mọ́: Àṣàkẹ́ wà ní Òkè-Amọ̀, kò fi ojú kan ọmọ yìí láti ọdún mẹ́ta. Ta ló wá ń mu ẹ̀jẹ̀ yìí?

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ náà dá, ó lọ bá baálé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a dá ilà Ìbídùn dúró."

Baálé ní, "Kí a dá kí ni dúró? Obìnrin yẹn ń mu ún láti òkèèrè ni. Ilà ló máa fi hàn pé tiwa ni ọmọ náà, kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlógún sí òní, olóòlà á dé."

Ọdẹ́rìndé dìde. Ó ká òwú tó fi nu ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà sínú ìwo, ó dé ẹnu rẹ̀, ó gbé ìbọn àti àtùpà, ó kọrí sí igbó. Bàbá wa ti sọ fún wa rí pé lẹ́yìn òkìtì ọ̀gán pupa ìsàlẹ̀ odò, ọ̀nà kan wà tó lọ sí ìlú àwọn tó ń ka ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rín ni àwa ń fi ọ̀rọ̀ náà rín. Ẹ̀gbọ́n mi lọ, kò rín ẹ̀rín kankan.

Ẹni tó kọ́kọ́ pàdé ní ẹnu ibodè igbó náà ni Olójú-ẹgbẹ̀rún. Ẹ fọkàn yàwòrán rẹ̀: ojú ní iwájú orí, ojú ní ìpàkọ́, ojú ní ìgúnpá, ojú ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí ó ń fi rìn tìṣọ́ratìṣọ́ra kí iyanrìn má baà kó wọ̀ ọ́. Ó dí ọ̀nà, ó ní, "Ọdẹ, mo ti rí ọ láti ìgbà tí o ti kúrò nílé. Dá mi lóhùn. Kí ni ó wà lára rẹ tí o kò rí rí, tí bàbá rẹ fi lé ọ lọ́wọ́, tí ìwọ náà sì ti fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ láìmọ̀?"

Ọdẹ́rìndé ní, "Orúkọ ni."

"Orúkọ kì í gbé ara ènìyàn. Ẹnu ni wọ́n fi ń pè é."

"Ó dáa, ìgboyà ni."

Olójú-ẹgbẹ̀rún rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ ní gbogbo ojú rẹ̀, ó di dandan kí ó wá aṣọ gbòòrò kan láti fi nù wọ́n. Ó ní, "Kọjá. Nígbà tí o bá ń padà, wàá tún dá mi lóhùn. Tí o kò bá mọ̀ ọ́n nígbà náà, o kò ní jáde. Gbé àtùpà yẹn sílẹ̀ níbí. Ohun tí o ń wá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ máa ń ré e kọjá láìmọ̀, bí ìwọ ṣe ń ré èèrà kọjá lójú ọ̀nà. Èmi tí mo ní ẹgbẹ̀rún ojú, n kò rí i rí."

Bó ṣe wọ Igbó Kéréjojúlọ nìyẹn. Igbó yẹn kò jọ èyí tí ẹ mọ̀. Gbogbo ẹsẹ̀ tí ènìyàn bá gbé níbẹ̀, ó ń kéré sí i. Koríko di ìrókò, hóró iyanrìn kan di òkè tó gba odidi òwúrọ̀ kí ó tó gùn ún tán. Èèrà kan kọjá lórí rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ikùn rẹ̀ títí ó fi lọ. Nígbà tó yá, èèrà gan-an tóbi kọjá ohun tí ojú lè gbà, eruku tó ń fò sì ń wó lulẹ̀ bí àpáta. Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti yìnbọn fún èèrà yẹn, ǹ bá sì gbé itan rẹ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe oníwàǹwára bíi tèmi.

Ní àárín igbó náà ni Agbọ̀nrìrì ti dìde sí i. Kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀, gbígbọ̀n nìkan ni. Ilẹ̀ ń gbọ̀n, igi ń gbọ̀n, eyín Ọdẹ́rìndé ń lu ara wọn. Ó di iwin náà mú, wọ́n jọ wọ̀yá ìjà. Bó ṣe ń fi agbára mú un tó ni iwin náà ń gbọ̀n tó. Ó jìjàkadì títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ni ó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ó na gbalaja lórí iwin náà bí ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kò mira. Agbọ̀nrìrì gbọ̀n díẹ̀, ó gbọ̀n díẹ̀ sí i, nígbà tí kò sí ẹni tó ń bá a fà á mọ́, ó sùn lọ. Ọdẹ́rìndé rọra dìde, ó ń yọ́ lọ.

Ẹ̀yìn ibẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ìlú Afọwọ́wòye, ìlú tí bàbá wa sọ, wà. Ẹ̀gbọ́n mi wọ ìlú bí ọmọ tí a kọ́ nílé, ó gbóhùn sókè, ó kí wọn, "Ẹ kú ilé o! Àlejò dé o!" Háà! Bí ọgbọ̀n ènìyàn ló wó lé ohun tó wà níwájú wọn, wọ́n fi ara bò ó. Ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ ó bú sẹ́kún. Oṣù mẹ́ta ló ti ń ka okùn kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kíkí yìí ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìgbà yẹn ni Ọdẹ́rìndé ṣàkíyèsí pé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, kò sì sí odó kan ṣoṣo ní gbogbo ìlú náà. Nítorí gbígbọ̀n ilẹ̀, wọn kì í gún iyán. Ẹ̀kọ tútù ni wọ́n fi ṣe é lálejò. Èmi ì bá ti padà sílé níbẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló ni ìlú náà. Yèyé Rọra ni wọ́n ń pè é. Ó gba ìwo lọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé, ó wo òwú inú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ mi ni, ìyá. Wọ́n fẹ́ kọ ilà fún un. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ti bá ilà lọ. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn."

"Ẹ̀jẹ̀ inú òwú yìí kò lè ju ẹ̀kán mẹ́ta lọ. Ìgbà mẹ́ta lo ní. Ẹni tó bí ọmọ ló sì ń ka okùn rẹ̀ níbí. Àwa kàn ń kọ́ ọ ni."

Ó mú un wọ yàrá kan tí wọ́n fi okùn so pèpéle inú rẹ̀ rọ̀ sókè, kò kan ilẹ̀, kí gbígbọ̀n má baà dé ibẹ̀. Ó mú òkúta kan tó máa ń ṣí ní ìpele-ìpele bí ewé ìwé, ó ṣí ìpele kan kúrò, ojú tuntun tó yọ síta sì tẹ́jú ju omi inú agbada lọ. Ó kán ẹ̀jẹ̀ sí i, ó kán omi oníyọ̀ díẹ̀ lé e. Ó ní, "Iyọ̀ yìí ló máa jẹ́ kí okùn náà dì mọ́ òkúta. Kò gbọdọ̀ dì jù. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ara ń rìn lórí okùn yẹn, a fẹ́ kí wọ́n máa rìn lọ." Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀gún kan jáde. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣóńṣó ẹ̀gún yẹn tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí Ọdẹ́rìndé fi búra fún mi pé ó parí kí òun tó rí ibi tó parí sí. Ara ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fì ni wọ́n lẹ ẹ̀gún náà mọ́, àfọ́kù dígí kékeré sì wà lẹ́yìn ọ̀pá. Ìtànṣán oòrùn kan gba ihò òrùlé wọlé, ó bọ́ sórí dígí, ó ta sí ara ògiri.

Yèyé Rọra ní, "Kì í ṣe okùn la ń fi ìmọ́lẹ̀ wò, ẹ̀gún la ń fi í wò. Tí ẹ̀gún bá gun ohun gíga, ọ̀pá á fì sókè, àmì ìmọ́lẹ̀ á gun ògiri. Tó bá sọ̀kalẹ̀, àmì á sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin tó dúró ti ògiri yẹn á máa fi ẹfun sàmì sí ibi tó dé. Wàá lọ dé ìpẹ̀kun, wàá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, wàá padà, bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ebè. Tí o bá parí, ohun tí ojú kan kò rí rí á wà lára ògiri."

Ọdẹ́rìndé mú ọ̀pá náà. Ọwọ́ tó ń fa ìbọn, ọwọ́ tó ti lọ́ ọrùn ẹtu, ọwọ́ yẹn ni. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ọdẹ ṣe ń tẹ ẹran tí kò fẹ́ kó sálọ. Àmì ìmọ́lẹ̀ fò sókè, ó já wálẹ̀ lójijì.

Yèyé Rọra ní, "O ti gé e."

Ó ku méjì.  Ọdẹ́rìndé ní wọ́n ń fi òun rẹ́rìn-ín ni, pé kò sí ọdẹ tí ọwọ́ rẹ̀ dúró ṣinṣin tó ti òun. Nígbà kejì, ó ṣe bí a ṣe ń ṣe tí a bá fẹ́ yìnbọn: ó sé èémí, ó di gbogbo ara rẹ̀ gírígírí, ó le bí igi. Àmì ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lára ògiri kì, kì, kì, láì dúró. Ọkùnrin ẹlẹ́fun gbé ọwọ́ sílẹ̀, kò mọ ibi tí òun yóò sàmì sí.

Yèyé Rọra ní, "Ọkàn rẹ nìyẹn. O sé èémí, ọkàn rẹ ń lu ọ́ láyà. Lílù ọkàn rẹ lo ń kà láti àárọ̀, kì í ṣe ọmọ rẹ."

Òwú náà ku ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rí Ìbídùn lórí itan olóòlà. Ó rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń funfun. Láìròtẹ́lẹ̀, ohun mìíràn wọ inú rẹ̀: Àṣàkẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, nídìí ìkòkò tútù. Tí Àṣàkẹ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá amọ̀ ti gbẹ tó láti wọ iná, kò jẹ́ fi orí ìka kàn án, torí orí ìka máa ń fi àpá sílẹ̀. Ẹ̀yìn ọmọ ìka tó kéré jù ló máa fi kàn án, á gbé e, á tún kàn án, á gbé e, á sì máa mí lọ́wọ́ kan náà bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ tó sùn. Ọdẹ́rìndé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó máa ń bi í pé ṣé ìkòkò náà ń ṣàìsàn ni. Ìtìjú mú un níbi tó jókòó sí.

Ó dìde. Ó gbé ọ̀pá náà lé ẹ̀yìn ọmọ ìka rẹ̀ tó kéré jù, ó ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò wọ́ ẹ̀gún náà mọ́, ó ń kàn án, ó ń gbé e, ó ń kàn án, ó ń gbé e. Àmì ìmọ́lẹ̀ gun òkè díẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ẹfun lọ, ẹfun bọ̀. Ó kọ ebè lé ebè. Oòrùn sì ń yí lókè, nígbà tí Yèyé Rọra fọwọ́ kàn án léjìká pé kó wo ògiri, ohun tó rí mú orí rẹ̀ wú: okùn méjì, tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń lọ́ bí ipa odò, àwọn òṣìṣẹ́ sì wà lórí wọn ní kókó-kókó. Gbogbo ìgbà tó bá tún kà á, àwọn kókó náà ti kúrò níbi tí wọ́n wà. Wọ́n ń rìn. Nǹkan ń lọ lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀, kò sì mọ̀ rí.

Yèyé Rọra ní, "Okùn ìran nìwọ̀nyí. Bàbá fún ọmọ ní ọ̀kan, ìyá fún un ní ọ̀kan. Wo òṣìṣẹ́ yìí, òun ló ń pàṣẹ pé kí a dí ojú egbò. Ibì kan ṣoṣo ló gbọdọ̀ jókòó sí lórí okùn kó tó lè pàṣẹ. Tó bá jókòó dáadáa, okùn á tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wo okùn àkọ́kọ́."

Okùn àkọ́kọ́ tẹ̀ ní kedere. "Fi ẹ̀gún gbé òṣìṣẹ́ náà," ni Yèyé Rọra wí. Ọdẹ́rìndé gbé e, òṣìṣẹ́ náà dì mọ́ okùn, ọ̀pá tẹ̀, ó tẹ̀, kí ó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n dé orí okùn kejì. Òṣìṣẹ́ náà dé ibẹ̀, ó jókòó, ó yọ̀, ó kọjá lọ. Òmíràn dé, ó yọ̀ bákan náà. Okùn náà nà tọ́ọ́rọ́, kò tẹ̀. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé gbìyànjú láti gbé ọ̀kan níbẹ̀, wẹ́rẹ́ ló ṣí kúrò, ọ̀pá kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Yèyé Rọra ní, "Kò sí ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ. Ibi ìjókòó òṣìṣẹ́ yìí ló bàjẹ́ lórí okùn kan. Ìdajì àṣẹ ni ara rẹ̀ ń gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi fò sókè. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé ayọ̀ ló kọ́kọ́ gba ọkàn òun, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó kígbe, "Okùn Àṣàkẹ́ nìyẹn! A ò purọ́ mọ́ ọn!"

Gbogbo ìlú gbá àyà mú nítorí igbe náà. Yèyé Rọra kò gbá nǹkan kan mú. Ó ní, "Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Mú ọwọ́ rẹ wá."

Ọdẹ́rìndé fà sẹ́yìn. Ó mọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní ìṣẹ́jú yẹn, kí ẹ̀gún tó kàn án, ó rántí ẹsẹ̀ bàbá wa àti ẹ̀gún inú igbó, ó rántí àkùkọ tí wọ́n pa fún wa. Ó na ọwọ́ síwájú. Yèyé Rọra gún un díẹ̀, ó kán ẹ̀jẹ̀ náà sórí òkúta tuntun. Ọdẹ́rìndé kà á fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán láti ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń kà á. Okùn kan tẹ̀. Okùn kejì nà tọ́ọ́rọ́, ní ibì kan náà gan-an, òṣìṣẹ́ dé, ó yọ̀, ó kọjá lọ.

Ọdẹ́rìndé gbé ọ̀pá náà sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ fún mi ní oògùn rẹ̀."

"Kò sí oògùn ní ìlú yìí. Kíkà la mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ̀ kò ní fi abẹ kan ọmọ náà. Tí nǹkan bá ṣèèṣì gé e, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibẹ̀, kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ má jọ̀wọ́ rẹ̀ títí á fi dá, bó tilẹ̀ di ọjọ́ kejì."

"Ilé mi ò ní gbà mí gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ohun tó wà lára ògiri lọ."

Yèyé Rọra wo ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti rin. Ó ní, "O ti mú un dání."

Nígbà tó dé ibodè, Olójú-ẹgbẹ̀rún ti dúró dè é. Kó tó béèrè, Ọdẹ́rìndé ní, "Ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wa má dá ni. Bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́. Mo ti fi lé ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́, mo sì lé ìyá wọn lọ nítorí rẹ̀." Olójú-ẹgbẹ̀rún di gbogbo ẹgbẹ̀rún ojú rẹ̀ pọ̀, kò sì là wọ́n títí ó fi kọjá.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún ló wọlé. Mo wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, nítorí náà kò sí àbùmọ́ nínú eléyìí. Ìbídùn ti wà lórí itan olóòlà, wọ́n ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, abẹ ti jáde nínú àpò. Èmi ni mo di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú. Ọdẹ́rìndé ya wọ agbo láì kí ẹnikẹ́ni, ó na apá rẹ̀ sí olóòlà, ó ní, "Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ilà kékeré kan. Lẹ́yìn náà kí gbogbo wa jókòó wò ó."

Baálé bínú, ó ní, "Ṣé orí rẹ dàrú ni?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí a wò ó. Tí ó bá dá kí oòrùn tó wọ̀, ẹ kọ ilà fún ọmọ mi. N kò ní jà."

Olóòlà fi abẹ họ ọ́ ní apá, kò tó gígùn èékánná. A jókòó. Ó ṣàn. Oòrùn kàn wá lórí, ó ṣàn. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ọdẹ ni, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò jáde dáadáa. Oòrùn rọ̀, ó ṣàn. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ń funfun bí ojú àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe funfun, a sì ti rí ojú yẹn rí lẹ́ẹ̀mejì. Oòrùn wọ̀, ó ṣàn. Ọdẹ́rìndé ní, "Àṣàkẹ́ kò sí níbí. Èmi ni. Bàbá wa ni. Ilé yìí ni." Olóòlà nu abẹ rẹ̀, ó dá a padà sínú àpò, ó bá tirẹ̀ lọ. Baálé sọkún bí ọmọdé. Èmi jọ̀wọ́ ọwọ́ Ìbídùn.

Ní ọjọ́ kejì ó gba Òkè-Amọ̀ lọ, àkísà wà ní apá rẹ̀, ó sì ń rin gbindin. Ó bá Àṣàkẹ́ nídìí ìkòkò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú amọ̀ tútù. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ìkankan pa mọ́, títí dé ayọ̀ tó kọ́kọ́ yọ̀.

Àṣàkẹ́ kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ìbídùn ńkọ́?"

"Kò sí ilà lójú rẹ̀."

"Ọdún mẹ́ta, Ọdẹ́rìndé. Àwọn ọmọdé àdúgbò yìí ń sá fún ìkòkò tí mo bá mọ."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo ṣe é."

Ó mọ ìkòkò náà parí kó tó dìde. Ó ní, "Nítorí Ìbídùn ni mo ṣe ń bọ̀. Kì í ṣe nítorí tìrẹ." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó ya aṣọ mímọ́ kan, ó fi tẹ apá ọkọ rẹ̀, ó jókòó tì í, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ náà fi dá. Ìbídùn dàgbà, ó ní ọkọ, ó bí ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń la ẹnu wò mí níbẹ̀ yẹn, ìyá ìyá yín ni mo ń sọ.

Ìdí nìyẹn, Mọrẹ́nikẹ́. Àwọn ará ìta ní ilé ọdẹ ti gbàgbé àṣà, ojú ọmọ wọn ń dán bí ojú àlejò. Jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ìyá tó bí Ọdẹ́rìndé ló bí èmi náà. Bàbá kan náà ló bí wa. Ẹ tú àkísà yìí wò. Láti ìgbà tí mo ti ń yangàn nípa ẹfọ̀n, láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ẹ rí i, ó ṣì ń jáde. Èmi ni mo bí bàbá ọkọ rẹ, ìyàwó wa. Ó ṣeé ṣe kí ohun tó wà nínú ìka yìí ti dé inú oyún tí o gbé, ó sì ṣeé ṣe kí ó má dé ibẹ̀. N kò mọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ní abẹ́ igi yìí. Nítorí náà ni n kò fi lè dá ọ lóhùn ní ẹnu kan nígbà tí o béèrè.

Kí o lọ gbé abọ́ oúnjẹ yẹn kúrò, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ó ti tó, jọ̀wọ́ ìka mi tí o fi aṣọ tẹ̀ yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Mo ní kí ó jọ̀wọ́ mi, ó ní kí n jókòó, pé òun kò tíì ṣe tán.